Omi Òjò Tó Hó Láìsí Iná

Lọ́dún 1974, ìkòkò aró ìyá mi ń bàjẹ́ léraléra, èmi Sikirat sì ni wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Àpìkẹ́ Aláró ni gbogbo Òkè Baálẹ̀ ń pe ìyá mi. Aṣọ tó bá ti inú ìkòkò rẹ̀ jáde máa ń dúdú, á sì máa dán. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ ọdún náà ti rọ̀, ewé ẹlú àti eérú tí a fi ń ṣe aró ò gbọ́ ara wọn yé mọ́. Aró ò mú. Aṣọ ń jáde ní àwọ̀ omi ìfọwọ́, àwọn oníbàárà sì ń kó tiwọn lọ.

"Sikira, o wà ní nǹkan oṣù, o sì fọwọ́ kan ìkòkò!" Màmá wí níwájú gbogbo ilé. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Lóòótọ́, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í sún mọ́ aró, ṣùgbọ́n èmi ò sún mọ́ ọn! Màmá ní bí ìkòkò tó kù bá tún bàjẹ́, òun á fi iṣẹ́ tí òun bá lọ́wọ́ ìyá òun sílẹ̀.

Omi òjò la máa ń dà sórí eérú, èyí tó bá sẹ́ jáde la fi ń po aró. Inú àmù ńlá kan la ti ń bù ú, òrùlé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, Mùtàlíbù, ló sì ń da omi sínú àmù náà. Bátìrì ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣáàjì níbẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá tún fi ọ̀rọ̀ náà bú mi. Mo fi ìbínú gbé omi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bù, mo dà á sórí eérú. Eérú hó! Ó ń ru fóò, ó ń ṣe ṣáá, bẹ́ẹ̀ kò sí iná níbẹ̀, omi sì tutù nini. "Bísímílááhì!" Màmá fọwọ́ bo ẹnu. Ìbínú mi fò lọ. Mo tún da díẹ̀ sí i, ó tún hó. N ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ariwo, ó jáde. "Bí ásíìdì bátìrì ṣe ń ṣe nìyẹn tó bá kan eérú," ó ní. Ó dúró, ó ronú, ó wá ṣáájú wa wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó nawọ́ sókè. Páànù tí kò tíì pẹ́ tí a kàn ti lu bí asẹ́. Oòrùn ń gba ojú ihò wọlé.

"Èéfín bátìrì ni," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ó ń jáde, ó ń bà lé páànù, òjò wá ń fọ̀ ọ́ sínú àmù. Ẹ má bínú, Màmá. N ó gbé àmù yín sábẹ́ òrùlé mìíràn. Aró yín á mú."

Mo yíjú sí Màmá, mo ń retí kó bẹ̀ mí. Mo tiẹ̀ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Màmá ò wò mí. Ojú rẹ̀ wà lára páànù, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí àyà ẹ̀gbọ́n mi.

"Irin ló jẹ báyìí," ó ní. "Mùtàlíbù, ṣé èyí lo ń fà símú láti àárọ̀ dalẹ́?"

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ aláró rẹ̀ di bátìrì kan mú, ó fẹ́ gbé e síta gbangba. Ó wúwo jù ú lọ. Mo di ẹ̀gbẹ́ kejì mú.