Ẹ̀ẹ̀kan Tí Mo Bá Káàdì Eérú Jiyàn

Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń bá káàdì eérú mi ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bá a jiyàn, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ti tó mi títí ayé.

Káàdì náà kò ju ìwé àjákọ ọmọ iléèwé lọ. Àwọ̀ eérú ni tojú tẹ̀yìn, kò dán, kò sì sí àmì kankan lára rẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ fọ́tò wa á rò pé páálí lásán ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fún mi lọ́jọ́ tí mo parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó ní, "Kámẹ́rà ò mọ funfun, kò mọ dúdú. Ó ń méfò ni. Fi eérú hàn án kó tó bẹ̀rẹ̀, kó lè mọ ibi tí àárín wà."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Lójú kámẹ́rà, gbogbo ohun tó wà láyé, tí a bá pò ó pọ̀, eérú ló máa dà. Gbé ṣáátì funfun síwájú rẹ̀, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sọ ọ́ di aṣọ àìfọ̀. Tí adúláwọ̀ bá wọ aṣọ dúdú, á ní ilẹ̀ ti ṣú, á wá fi agídí da ìmọ́lẹ̀ bo olúwarẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣá bí ti ẹni tó ń ṣàìsàn. Gílóòbù tún wà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n, òmíràn sì wà tó dà bí aró. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá kọ́kọ́ di káàdì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, tí mo ya ẹyọ kan, tí mo sọ fún kámẹ́rà pé eérú nìyí, ó parí. Gbogbo àwọ̀ tó kù á jókòó sáyè wọn.

Àwọn oníbàárà kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn. "Ẹ bá mi jẹ́ kó mọ́ díẹ̀ sí i" ni orin wọn. Mo ti lé ọkọ ìyàwó kan jáde rí torí ó ní kí n bá òun bó ìyàwó òun láwọ̀. Mo ní, "Ẹni tí ẹ fẹ́ nìyí. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn lẹ ń wá, ẹ lọ wá a." Onínúfùfù ni mí, mi ò ní purọ́. Mo sì máa ń fi yangàn pé kò sí fọ́tò irọ́ kankan nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, di ọ̀gá iléèwé lọ́dún tó kọjá. Ó lé lógún ọdún tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Wọ́n ní kó mú fọ́tò wá tí wọ́n máa gbé kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléèwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀gá tó ti jẹ ṣáájú rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé kan lòun àtìyàwó rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá bá mi. Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù mi, lórí ilé ìtàwé: fèrèsé kan tí mo fi aṣọ dúdú bò, iná méjì lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àpótí ìjókòó kan, àti kọ̀ǹpútà lórí tábìlì.

"Eyínfúnjowó, ẹ kú iṣẹ́ o!" ni ìyàwó rẹ̀ fi kí mi. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò lè máa dárúkọ ẹni tó ti wà nílé kí òun tó dé, àti pé eyín mi lòun kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà.

Mo gbé káàdì lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. "Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín."

"Bí ẹlẹ́wọ̀n?"

"Bí ọ̀gá iléèwé tó ń gbọ́ràn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti rù. Ọrùn ṣáátì funfun tó wọ̀ ti tóbi jù fún un. Mo béèrè, ó ní iṣẹ́ tuntun ló fà á, oúnjẹ ò tiẹ̀ wu òun jẹ mọ́. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń họ apá. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti ń họra, pé ó jọ pé ọṣẹ tí àwọn fi ń fọṣọ ni kò bá a lára mu. "Ẹ rọra o," mo wí, "ẹ ò ní fa ṣáátì yẹn ya kí n tó yà yín." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Mo yà á, mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Ojú ẹ̀gbọ́n mi pọ́n. Kì í ṣe pípọ́n ojú ẹni tí oorun ń kùn. Àwọ̀ ìyeyè ni, ẹyinjú rẹ̀ sì dà bí ojú ewé inú ìwé àtijọ́. Mo ní iná ni. Mo pààrọ̀ gílóòbù méjèèjì, mo tún un yà. Bákan náà. Mo pa iná, mo ká aṣọ dúdú kúrò lójú fèrèsé, mo ní kó wá dúró sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tòun ti káàdì. Bákan náà.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Kọ̀ǹpútà máa ń sọ nọ́ńbà mẹ́ta fún gbogbo àwọ̀. Tó bá jẹ́ eérú gidi ni, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dọ́gba. Mo wo ti káàdì, wọ́n dọ́gba. Ṣáátì funfun bó ṣe yẹ kó funfun, irun dúdú bó ṣe yẹ kó dúdú. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló yàtọ̀. Mo yíjú wo òun fúnra rẹ̀, ó sì rí lójú mi bó ṣe máa ń rí. Díẹ̀díẹ̀ ló ti ń pọ́n, lábẹ́ gílóòbù ilé wọn tóun náà pọ́n, ojú àwa tó ń rí i sì ti bá a yí.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú léjìká mi. "Hà! Eyínfúnjowó, kí lẹ fi ọkọ mi ṣe? Ẹ ti sọ ọ́ di ọsàn!"

Ẹ̀gbọ́n mi náà wá wò ó. "Káàdì ẹ ló ti gbó, àbúrò. Ọdún mélòó lo ti ń lò ó? Jẹ́ kó lọ fẹ̀yìn tì."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi bí abẹ́rẹ́. Káàdì tí mo fi ń yangàn! Mo gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, mo ya ẹyọ kan sí i láìsí i, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọ̀ ìyeyè kúrò lójú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, díẹ̀díẹ̀, títí ẹyinjú rẹ̀ fi funfun báláú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì dúdú tó ń dán. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ọkọ mi nìyẹn!" Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sórí fóònù ìyàwó rẹ̀, wọ́n gbé e lọ, wọ́n gbé e kọ́ sí iléèwé. Mo ju káàdì sínú dúrọ́ọ̀, mo ránṣẹ́ ra tuntun.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ wà lójú ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi nù ún kúrò.

Káàdì tuntun dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo tò ó ti àtijọ́, mo ya méjèèjì pọ̀, mo ka nọ́ńbà wọn. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Káàdì mi ò gbó rárá. Ẹni tó bá ní làákàyè á ti bi ara rẹ̀ níbẹ̀ pé, tí kì í bá ṣe káàdì, tí kì í bá ṣe iná, kí ló wá kù? Èmi ò béèrè. Inú mi ń dùn pé mo jàre. Mo gbé fóònù, mo pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, káàdì mi ò gbó o! Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi."

"Mo túúbá," ó wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo dùbúlẹ̀ díẹ̀ ni. Ó rẹ̀ mí."

"Ẹ sinmi dáadáa, ọ̀gá iléèwé." Mo pa fóònù. Torí kí n lè fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe pè é, mi ò tiẹ̀ bi í pé ṣé ara le.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án lẹ́yìn fọ́tò yẹn ló ṣubú nínú ọ́fíìsì. Ìyàwó rẹ̀ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti ọsibítù pé ojú rẹ̀ ti pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ ti pọ́n. Mi ò tíì gbé fóònù kúrò létí tí gbogbo rẹ̀ fi yé mi. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wá fọ́tò tí mo kọ́kọ́ yà, èyí tí mi ò fọwọ́ kàn, mo gbé e sórí fóònù mi, mo sáré lọ.

Dókítà obìnrin kan ló dúró ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó mú ìwé àti bírò lọ́wọ́. "Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i pé ojú wọn pọ́n?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Mo rò pé ibà ni. Kó tó dìgbà yẹn, kò sí nǹkan kan tó ṣe ojú wọn." Ó ṣí fóònù, ó gbé fọ́tò tí mo tún ṣe síwájú dókítà. "Ohun tó lé lóṣù méjì sẹ́yìn rèé. Ẹ wo bójú wọn ṣe funfun."

Dókítà wò ó, ó mi orí, ó sì gbé bírò sórí ìwé láti kọ ọ̀sẹ̀ kan. Tí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láyé. Ṣùgbọ́n irọ́ kan tí mo pa mọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti tó, mi ò lè tún jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

"Ẹ má kọ ọ́," mo wí. "Irọ́ ni fọ́tò yẹn. Èmi ni mo fọ ìyeyè kúrò lójú wọn lórí kọ̀ǹpútà."

Mo ṣí èyí tó wà lórí fóònù mi. Dókítà wò ó pẹ́. "Kí ni wọ́n dì mú yìí?"

"Káàdì ni. Òun ló ń jẹ́ kí àwọ̀ jẹ́ òótọ́."

Ó sọ bírò kalẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo tọwọ́ mi.

Mo tẹ̀lé dókítà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bò fún mi. Ká ní a mú wọn wá nígbà yẹn ńkọ́?"

"Nǹkan kan ló hù, tó dí ọ̀nà òróòro wọn," ó wí. "Ó ṣeé ṣe kó ṣì kéré nígbà yẹn, ká rí i gé kúrò. Ó ti ràn dé inú ẹ̀dọ̀ báyìí." Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ẹ̀yin kì í ṣe dókítà, mà."

Ó fẹ́ fi tù mí nínú ni. Lóòótọ́, èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ àwọ̀ niṣẹ́ mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Tèmi ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ, òótọ́ sì bá a, ṣùgbọ́n kò bá ẹ̀gbọ́n mi mọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ní kí n mú fọ́tò náà wá kí òun wò ó. Ó gbé fóònù súnmọ́ ojú. "Káàdì ẹ ló jàre nígbà náà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí."

"Ṣebí èmi ni mo ní kó lọ fẹ̀yìn tì." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ní ọjọ́ kọkànlá tó dé ọsibítù, ó kú.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù mi wá. Mo fún un ní àga, kò jókòó. Ó ní òun fẹ́ fọ́tò ńlá tí wọ́n máa gbé síwájú pósí. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, fọ́tò méjèèjì sì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó wá sẹ́nu mi láti sọ pé, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní mo sọ ọ́ di ọsàn? Mo gbé e mì. Nínú àwa méjèèjì, èmi ni mo mọ nọ́ńbà yẹn kà.

"Èwo lẹ fẹ́?" mo bi í.

"Èyí tí ẹ ṣe yẹn, ayafọ́tò." Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Èyí tí ẹ rí, ẹ fi pamọ́ fún ara yín."

Mo tẹ èyí tí mo ṣe fún un. Ojú ẹ̀gbọ́n mi funfun báláú.