Ìfọ̀ Mẹ́ta Kò Tó

4.

…omi tí mo fi fọ ìyẹ̀fun náà sì tún funfun. Ẹ̀kán kan péré ni mo kán sí i nínú omi fàdákà tó ń tú àṣírí iyọ̀, ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ìyẹn ni pé iyọ̀ ṣì wà lára ìyẹ̀fun yìí.

Ẹ má wá ìfọ̀ kìíní dé ìkẹta níbí. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí ìwé wọn, ó ti kó o lọ. Tèmi bẹ̀rẹ̀ níbi tó ní ká dúró.


ÌKÉDE (lára ògiri yàrá ìdánwò)

Ìfọ̀ kò gbọdọ̀ ju MẸ́TA lọ. Omi kì í ṣe ọ̀fẹ́.

(Gègé mi, lábẹ́ rẹ̀:) Mẹ́ta ò tó.


5.

Ó funfun.


OHUN TÍ ÌYẸ̀FUN YÌÍ WÀ FÚN

– Gáàsì haidirójìn ló ń tan iná ilé ìwòsàn òdìkejì títì.

– Májèlé kan wà nínú gáàsì náà, kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Kò láwọ̀, kò lóòórùn.

– Ìyẹ̀fun yìí, tí góòlù díẹ̀ wà lára rẹ̀, ló ń jó májèlé náà dànù kó tó dé inú ẹ̀rọ iná.

– Bí iyọ̀ bá kù lára ìyẹ̀fun, kò ní lè ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ á kú díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn tí ọ̀gá bá ti gba àtẹ́wọ́ tán.

– Ọmọ àbúrò mi wà níbẹ̀, nínú àpótí tó ń mú ọmọ móoru. Oṣù keje oyún ni wọ́n bí i.


6.

Ọ̀GÁ (lẹ́yìn ilẹ̀kùn): Ṣílẹ̀kùn!

ÈMI: Ẹ jẹ́ kó mọ́ ná, sà.

Ọ̀GÁ: Ìyẹ̀fun tó wà lọ́hùn-ún ti gbó, iná wọn ti ń ṣẹ́jú. Ọmọ àbúrò ẹ ló wà níbẹ̀! Ṣé orí ẹ pé ṣá?

ÈMI: Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń fọ̀ ọ́.

Ọ̀GÁ: Fọwọ́ síwèé pé ó mọ́, ká máa gbé e lọ.

ÈMI: Ọwọ́ mi tutù, sà. Á ba ìwé jẹ́.


ÌRÒYÌN Ẹ̀ṢỌ́ ẸNU GÉÈTÌ

Ọ̀gá ní kí n já ilẹ̀kùn. Mo kọ́kọ́ kànkùn. Obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Tún-un-fọ̀ ní kí n bá òun gbé omi mímọ́ jálá méjì wá. Mo gbé e gba ojú fèrèsé. Ìròyìn mi parí.


7.

Ó mọ́. Rárá, ó funfun díẹ̀. Ẹ má gbà mí gbọ́ lórí ìkeje, ó ti ń wù mí jù pé kó mọ́. Mo da omi náà nù, mo bu òmíràn.


ÀTẸ̀JÍṢẸ́

ÀBÚRÒ: Àǹtí mi, iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń dá a dúró. Ṣé òótọ́ ni?

ÈMI: Òótọ́ ni.

ÀBÚRÒ: Títí dìgbà wo?

ÈMI: Títí á fi mọ́.

ÀBÚRÒ: Mo ti gbé ọmọ sí àyà mi, mo fi aṣọ bò wá. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa.


8.

Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. N ò sì ní fọwọ́ sí i.


FỌ́Ọ̀MÙ

Iye ìfọ̀: 3 (mo fagi lé e) 9

Ṣé ó mọ́?

Orúkọ: Tún-un-fọ̀

Ìfọwọ́sí:


9.

Ọ̀gá ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Mo kán omi fàdákà sí i. Mo gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, mo ń wò ó bóyá á funfun.