Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lórí Kẹ̀kẹ́

Ògbólógbòó ni àwọn tó ń fi eré ìje kẹ̀kẹ́ jẹun ń pè é, nítorí àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, ikùn sì ti yọ sí wọn. Kò gba ife rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wà níwájú ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀, kó máa gba afẹ́fẹ́ sáyà fún un, kó má baà tètè rẹ ọ̀gá. Bí òpin bá wá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ọ̀gá a yọ síwájú, ìyìn a di tọ̀gá.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje náà, òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Àbúrò rẹ̀, tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún ẹgbẹ́ mìíràn, wá bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì.

"Bọ̀ọ̀dá mi, tí mo bá sá jáde lónìí, ẹ tẹ̀ lé mi o."

"Kóòṣì mi á pa mí."

"Ẹ jẹ́ kó pa yín. Ṣé ẹ̀ ń ṣọmọdé ni?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ìdíje ò tíì gbóná tí àbúrò fi já kúrò láàárín agbo àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó kù. Ẹ̀gbọ́n gbá tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́ta mìíràn sì so mọ́ wọn. Òkè kìíní gba ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, òkè kejì gba méjì. Nígbà tí wọ́n máa fi gun òkè ìkẹyìn dórí, ó ku ọmọ ìyá méjì péré níwájú gbogbo ayé. Ìyá wọn wà nílé nídìí tẹlifíṣọ̀n.

"Tá a bá dé òpin, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wọlé," àbúrò sọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, máa wa kẹ̀kẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ sáà kọ́ mi."

Wọ́n dorí kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀gbọ́n níwájú. Ọ̀dà ń dán bí ẹni da epo sí i. Ní kọ́nà kan, táyà ẹ̀gbọ́n yọ̀, Ọlọ́run ló kó o yọ. Kò tíì mí kanlẹ̀ tó fi gbọ́ irin tó ń ha ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wẹ̀yìn. Ó rí kẹ̀kẹ́ tó dùbúlẹ̀ sójú títì. Kò rí àbúrò rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ fún bíréèkì. Ohùn kóòṣì bú jáde nínú ẹ̀rọ tó wà létí rẹ̀:

"Má dúró! Mọ́tò dókítà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọjọ́ ẹ rèé! Máa lọ!"

Ó tú bíréèkì sílẹ̀.

Nígbà tó dé pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé torí àwọn méjèèjì lòun ṣe ń sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á gbọ́ fúngbà díẹ̀. Èrò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ó ti ń rí ibi tí eré parí sí nígbà tó gbọ́ agbo lẹ́yìn rẹ̀, tó ń hó bọ̀ bí òjò orí páànù. Wọ́n gba ọ̀tún kọjá, wọ́n gba òsì kọjá. Nígbà tó wọlé, ẹni tó gba ipò kìíní ti ń gbọ́wọ́ sókè.

Bí omi bá dànù tí agbè ò fọ́, a máa ń dúpẹ́. Tirẹ̀, omi dànù, agbè tún fọ́.

Aṣọ eré ló wọ̀ dé ọsibítù. Dókítà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́: àbúrò máa yè, ṣùgbọ́n egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò ní rìn mọ́.

Àbúrò lajú nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọ yàrá. "Ṣé ẹ gba ife náà?"

"Rárá."

Ó wo àjà títí. "Ẹ̀ bá ti kúkú dúró." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó rọra yí ojú sí ògiri.

Ẹ̀gbọ́n jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ibẹ̀ ni ìyá wọn bá a.

"Màmá, kóòṣì ló ní..."

"Mo rí ẹ," ìyá sọ. "Mo rí ẹ nínú tẹlifíṣọ̀n. O wẹ̀yìn."

Ó wọ yàrá tọ ọmọ rẹ̀ lọ, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.