Ẹ Máa Gbé Wọn Lọ Sílé

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n gbé Àṣíáwù wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkirè, kí wọ́n lè yọ orúnkún ọ̀tún tó ti jẹ, kí wọ́n sì fi ti irin rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó fi di aago mẹ́ta ọ̀sán, dókítà ti dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún Mọ́nsúrù, ọkọ rẹ̀, pé, "Ẹ máa gbé wọn lọ sílé."

Àyà Àṣíáwù já. Ó mọ gbólóhùn yẹn. Òun kan náà ni dókítà mìíràn sọ nípa ìyá rẹ̀ lọ́jọ́sí, ọjọ́ kẹta ni wọ́n sì sin ìyá náà. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tí ọwọ́ dókítà bá ká, ṣe ni wọ́n ń dá a dúró? Ẹni tí wọ́n bá ní kí wọ́n máa gbé lọ, ilé wo gan-an ni wọ́n ní lọ́kàn? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Qaosarat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ṣàlàyé títí ẹnu fi fẹ́ẹ̀ bó. "Màámi, bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí nìyẹn. Ara yín le ni wọ́n ṣe ní kí ẹ máa lọ. Ṣebí ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà níṣojú wọn?"

Lóòótọ́ ló rìn. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló dì mú. Nọ́ọ̀sì sì kìlọ̀ fún un pé kó máa rìn bẹ́ẹ̀ ní wákàtí-wákàtí bó bá délé, ṣùgbọ́n kó má dán an wò rárá pé òun ń kúnlẹ̀. Etí Àṣíáwù kò gba ìyókù. Ọkàn rẹ̀ ti wà ní itẹ́ òkú.

Mọ́nsúrù tí kì í yà fún kòtò rọra wa mọ́tò dé ilé wọn ní Àpòmù, kò tilẹ̀ bú ọlọ́kadà kan ṣoṣo. Ìyẹn náà tún dá kún ẹ̀rù Àṣíáwù. Nígbà tí wọ́n sì dé ẹnu ọ̀nà, àwọn obìnrin àdúgbò dìde dúró.

"Ṣebí àárọ̀ yìí ni wọ́n gbé e lọ?" ni ọ̀kan wí. "Wọ́n ti dá a padà? Lá ìláhà!" Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Bí abẹ́rẹ́ tí kò jẹ́ kó mọ ìrora ṣe ń kúrò lára rẹ̀ ni ìrora ń gun ẹsẹ̀ bọ̀. Àṣíáwù gbà pé ikú ló ń gòkè. Qaosarat bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde rìn, ó kọ̀ jálẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ní kí wọ́n ṣe fún òun: kí wọ́n pe Ìyá Tawheed wá.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́nsúrù ni Ìyá Tawheed, ọdún mẹ́ta sì nìyí tí òun àti ìyàwó àbúrò rẹ̀ kò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Orúnkún ló dá a sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń dun Àṣíáwù ni kò ti lè kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mọ́. Lóòró ló ń dúró kí i. Kò sì sọ fún un pé orúnkún ń dun òun, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pe òun ní arúgbó. Agídí rẹ̀ pọ̀. Ìyá Tawheed sọ pé owó dòdò tí Àṣíáwù ń tà lẹ́bàá títì Ìkirè ló ti ń gùn ún.

Àlùfáà kì í yé wàásù pé kí èèyàn má gbé ìbínú ẹlòmíì lọ sọ́run. Àṣíáwù ní láti tọrọ àforíjì. Ìyàwó wo ló sì ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ?

Ìyá Tawheed wọlé, ó dúró, ó ká ètè. Àṣíáwù sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó ti irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì tẹ orúnkún. Igbe tó ké, gbogbo agbolé ló gbọ́ ọ.

Ìyá Tawheed fò mọ́ ọn, ó gbá a mú lábíyá, ó gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì. "Kí lo fẹ́ ṣe, ìyàwó?"

"Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀, ìyá wa. Mò ń kú lọ. Wọ́n ti ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé. Mi ò fi ojú di yín rí. Orúnkún yìí ni, kò ṣe é tẹ̀."

Qaosarat sáré wọlé, ó pe nọ́ọ̀sì ní ìpè fídíò. Ó gbé kámẹ́rà fóònù sí báńdéèjì kí nọ́ọ̀sì lè rí i. Nọ́ọ̀sì ní ṣé ẹ̀jẹ̀ ń jáde? Kò jáde. Ṣé ìka ẹsẹ̀ ń mì? Ó ń mì. "Ẹ ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà sókè."

Ẹ̀rù ba Àṣíáwù débi pé ó dijú. Bí kò bá gbéra ńkọ́? Bí irin inú orúnkún bá ti yẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ náà gbéra, díẹ̀, ó sì dúró lófuurufú.

"Alhamdulillahi," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó jọ pé ó wà láyè rẹ̀, àmọ́ ẹ gbé wọn wá láàárọ̀ ọ̀la ká tún un yẹ̀ wò. Ìyá, bí ẹ bá ń kú lọ, ṣé a ó jẹ́ kí ẹ kúrò lọ́dọ̀ wa? Ta ló ní kí ẹ kúnlẹ̀?"

Àṣíáwù yíjú wo Ìyá Tawheed.

"Èmi ni," Ìyá Tawheed dáhùn. "Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ní kó kúnlẹ̀."

Ó wá bàtà Àṣíáwù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kúnlẹ̀, ó sì fi wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa irin súnmọ́ ọn, ó ní, "Ó yá, dìde, ká jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà."