Kátíríìjì Mọ́kànlá Tí Orrin Fi Sílẹ̀

Kátíríìjì ìbọn mọ́kànlá ni ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó kú. Ó fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ pẹ̀lú: ilé, màlúù díẹ̀, ajá kan tó ti darúgbó, àti ìbọn ọdẹ tí bàbá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ṣùgbọ́n kátíríìjì wọ̀nyẹn ni mo máa ń kà lójoojúmọ́, bí àwọn Sístà ìjọ Kátólíìkì ṣe kọ́ wa láti máa ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà nílé-ìwé.

Oṣù kẹrin ni Orrin ṣe wọ́n, lórí tábìlì ilé ìdáná wa, nígbà tí àìsàn ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ ó da òjé orí ọta fúnra rẹ̀, ó ń bu ẹ̀tù sórí òṣùwọ̀n kékeré, ó sì ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dà á sínú ìkarahun idẹ kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a ṣe é.

"Rárá o, Delphine," ó ní. "Ẹran tí o máa jẹ nígbà òtútù ọdún yìí, èmi ni mo fẹ́ pa á, bí mi ò bá tiẹ̀ sí níbẹ̀."

Oṣù karùn-ún la sin ín.

Ìbọn náà wúwo, ihò ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó àtàǹpàkò mi. Ẹyọ kan péré ló ń gbà. Bí o bá ti yìn ín, àfi kí o fa irin abẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, kí o yọ ìkarahun tó gbóná kúrò, kí o tó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ẹran ò sì ní dúró dè ọ́. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n fi ń pa òfin méjì mọ́ nílé Tveit, ìdílé ọkọ mi. Òjé ńlá a máa já wálẹ̀ bí òkò tó bá ti rìn jìnnà, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í yìn ín sí ohun tó kọjá àádọ́jọ ìṣísẹ̀. Èkejì ni ti ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹ́lìkì, ìyẹn àgbọ̀nrín ńlá orí òkè, kan ṣoṣo ni ìwé náà gba ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti pa lọ́dún, wọ́n sì tẹ oṣù àti ọjọ́ sí etí rẹ̀; ẹni tó bá pa ẹran á fi ọ̀bẹ gé ọjọ́ tó pa á kúrò. Nílé Tveit, ẹni tó bá ṣá ẹran lọ́gbẹ́ tí kò rí i mú á gé ọjọ́ tirẹ̀ náà, ọdẹ ọdún yẹn á sì parí fún un. Ìjọba ìpínlẹ̀ Montana wa ò ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá Halvor, bàbá ọkọ mi, ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Verlin, àbúrò Orrin, ní kí ìbọn náà padà sílé bàbá wọn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló la igi ìdáná mi ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Bàbá Halvor ronú títí, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó lò ó lọ́dún yìí ná. Bí ó bá lò ó bí Orrin ṣe ń lò ó, tirẹ̀ ni."

Ohun tí mo fẹ́ láyé nígbà yẹn kò ju ìyẹn lọ. Ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Orrin máa ń wà lára igi ìbọn náà ti ń dán.

Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n ṣí ìgbà ọdẹ, èmi àti Verlin gun òkè ẹ̀yìn oko. Yìnyín dé ọrùn ẹsẹ̀. Bàbá Halvor jókòó sínú ọkọ̀ nísàlẹ̀, nítorí orúnkún rẹ̀ ò lè gun òkè mọ́.

"Ìyàwó wa," Verlin ké sí mi láti iwájú, "ṣé òkè lò ń gùn ni, àbí ò ń dúró gbàdúrà nídìí gbogbo òkúta?"

"Mò ń gbàdúrà kí ẹnu rẹ sinmi."

"Ha! Orrin ti gba àdúrà yẹn fún ogójì ọdún. Ọlọ́run ò dá a lóhùn."

A rẹ́rìn-ín, mo sì ro pé ọjọ́ náà á dára.

Ìgbà tí a dé orí òkè la rí wọn: abo ẹ́lìkì bí i méjìlá, wọ́n ń jẹ koríko lábẹ́ igi páìnì kan tí àrá ti sán pa. Mo mọ igi yẹn. Èmi àti Orrin ti fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà rẹ̀ láti orí òkúta tí mo wà. Ọ̀rìnlénígba ìṣísẹ̀ ni.

"Ó jìnnà," Verlin sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jẹ́ n lọ wá ọ̀nà tá a lè gbà sọ̀ kalẹ̀. Orrin ì bá ti mọ̀ ọ́n. Ìwọ, má yìnbọn o. Kì í ṣe gbogbo ohun tí Orrin ń ṣe ni ìwọ náà lè ṣe."

Kò sọ ọ́ láti fi bú mi, ṣùgbọ́n ó gún mi. Ó fàyà fà lọ sẹ́yìn àpáta. Mo wá gbé ìbọn lé ọ̀pá méjì tí a so pọ̀, mo gbé ojú rẹ̀ sókè díẹ̀ nítorí ọ̀nà jíjìn, mo sì yìn ín. Ìbọn náà gbá mi léjìká bí ìgbà tí ẹṣin bá ta èèyàn nípàá. Nígbà tí èéfín tú, mo rí abo kan tó sún kì, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lápá òsì tẹ̀ wọlẹ̀. Ó dìde. Ó tẹ̀ lé àwọn yòókù wọ igbó.

Verlin sáré padà. "Delphine! Kí lo ṣe? Ṣé ó bà á?"

"Ó tàsé."

"Jẹ́ n lọ wo ojú yìnyín."

"Èmi ni mo yìn ín, èmi ni n ó lọ wò ó. Ìwọ lọ bá Bàbá."

Nídìí igi náà, ẹ̀jẹ̀ kán sí ibi mẹ́ta, irun fẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lórí yìnyín. Ipasẹ̀ rẹ̀ hàn gbangba. Ọ̀sán ni, kò sí ohun tó ń lé mi. Bí mo bá tẹ̀ lé e tí mi ò rí i, n ó gé ìwé mi, ìbọn á sì lọ. Mo fi bàtà gbá yìnyín bo ẹ̀jẹ̀ náà. Mo wo ọ̀tún wo òsì bí olè.

Nígbà tí mo dé ibi ọkọ̀, Bàbá Halvor bu kọfí fún mi nínú ìdérí fílásíkì rẹ̀. "Báwo ló ṣe tàsé?" ó bi mí. Verlin ò tíì sọ fún un bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó.

Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Ẹnu mi kàn yà, ó sì jáde: "Kátíríìjì yẹn ni, Bàbá. Ó dà bí i pé ẹ̀tù inú rẹ̀ ò pé."

Verlin mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀. Ọwọ́ Orrin ni. Ṣíbí gan-an ò dúró lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Kò yẹ ká jẹ́ kó sún mọ́ ẹ̀tù rárá." Ó fi àánú sọ ọ́, ìyẹn ló sì burú jù. "Kó àwọn tó kù wá. Bí ẹ̀tù ọ̀kan ò bá pé, ti òmíràn lè pọ̀ jù, ìbọn á fọ́ mọ́ ọ lójú. Tó bá di Sátidé, màá tú gbogbo wọn."

Bàbá Halvor ń wo òkè. Mo kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé Verlin lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Verlin pa abo ẹ́lìkì kan lẹ́bàá wáyà oko wa. Ó ní ó ń tiro, kò lè bá agbo rìn. Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí mo dé ilé iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé Bàbá Halvor, wọ́n ti gbé e kọ́, wọ́n sì ń bó awọ rẹ̀. Mo gbọ́ òórùn náà láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ wo ìkà!" Verlin ń pariwo. Gbogbo itan òsì ti di dúdú, ọyún ń ṣàn níbẹ̀. "Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe sí ẹran Ọlọ́run! Àwọn ará ìlú ńlá yìí náà ni. Wọ́n á ra ìbọn, wọ́n á ra fìlà, wọn ò ní ra ọgbọ́n. Ta ló lè ṣe irú èyí, kó sì lọ sílé lọ jẹun?"

Mo ti jẹun. Alẹ́ ọjọ́ tí mo yìn ín gan-an, mo se ọbẹ̀ ọ̀dùnkún, mo jẹ ẹ́ tán.

Bàbá Halvor fi ọ̀bẹ wá inú eegun, ó yọ òjé kan tó ti tẹ̀ ní orí. Ó fi omi fọ̀ ọ́, ó fi àtàǹpàkò nù ún. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Orrin wà lọ́mọdé, ó fi irin ha inú àwo tí wọ́n fi ń da òjé, láti ìgbà yẹn gbogbo òjé tó bá ti inú rẹ̀ jáde ló ń ní ìlà yẹn. Bàbá Halvor ló lù ú nítorí ẹ̀. Ó gbé òjé náà sórí tábìlì iṣẹ́, ó jókòó tì í. Kò wò mí.

Verlin ò tiẹ̀ wo òjé náà. Ó wẹ ọwọ́, ó fa àpótí kátíríìjì Orrin sọ́dọ̀. "Ó yá, ká parí èyí." Ó ki àkọ́kọ́ sínú ohun èlò tó rí bí òòlù, ó gbá a mọ́ igi lẹ́ẹ̀mẹta, òjé sì yọ kúrò lórí idẹ. Ó da ẹ̀tù sórí òṣùwọ̀n.

Bàbá Halvor tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n. "Ó pé."

"Orí ló bá a ṣe é," Verlin wí.

Bàbá Halvor mú òjé tuntun náà, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó tẹ̀. Ìlà sí ìlà. Verlin gbá èkejì.

"Ó pé."

Ó gbá ẹ̀kẹta. Mo rí tábìlì ìdáná wa, mo rí Orrin tó ń fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú kí ẹ̀tù má baà dànù.

"Ó pé," Bàbá Halvor wí. Ohùn rẹ̀ ò yí padà.

Verlin ń fọwọ́ họ orí. "Ó ṣe jẹ́ pé ẹyọ kan yẹn nìkan ló…" Ó nawọ́ sí ẹ̀kẹrin.

"Verlin, fi sílẹ̀," mo ní. "Jọ̀ọ́. Kò tàsé. Èmi ni mo yìn ín láti ọ̀nà jíjìn. Mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀. Mo rí ẹ̀jẹ̀, mo fi yìnyín bò ó. Ẹran tó wà lórí ìkọ́ yẹn nìyẹn."

Verlin gbé òòlù náà dání. Ojú rẹ̀ lọ sí òjé mẹ́rin tó wà lórí tábìlì, ó lọ sí ẹran, ó padà sọ́dọ̀ mi. "Àmọ́ o ní ọwọ́ Orrin ni."

"Ìwọ lo dárúkọ ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

"Mo ti sọ fún ìyàwó mi," ó ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Mo sọ ọ́ nílé ọtí, lójú gbogbo èèyàn. Pé àánú ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe mí." Ó mú ọ̀bẹ, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé itan tó jẹrà náà sínú korobá.

Mo yọ ìwé àṣẹ mi. Mo gé oṣù, mo gé ọjọ́, ọjọ́ tó jẹ́ òótọ́. Mo jáde lọ sínú ọkọ̀ mi, mo gbé ìbọn náà wá, mo sì fà á lé Bàbá Halvor lọ́wọ́. Ó gbà á, ó gbé e kọ́ sára ògiri lókè fèrèsé.

"Bàbá, ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

"Mo gbọ́ ìró ọta náà láti inú ọkọ̀," ó ní. "Òjé tó tóbi bẹ́ẹ̀, tó bá ba ẹran, ó máa ń dún bí ẹni gbá àpò ìyẹ̀fun. Mo ti gbọ́ ìró yẹn fún ọgọ́ta ọdún."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Èmi kọ́ ni mo yìn ín."

Àwọn Sístà kọ́ wa pé ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ a máa fúyẹ́ lẹ́yìn ìjẹ́wọ́. Èyí ò fúyẹ́. Mo yí padà láti máa lọ, ṣùgbọ́n Bàbá Halvor fi ẹsẹ̀ ti àga kan sọ́dọ̀ mi.

"Jókòó. Mẹ́ta lo jẹ́ kí Verlin tú. Mẹ́ta lo máa dí padà."

Mo jókòó. Mo bu ẹ̀tù sórí òṣùwọ̀n. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ìdajì rẹ̀ fi dà sórí tábìlì. Bàbá Halvor fi ìyẹ́ adìyẹ gbá a jọ, ó dà á padà síwájú mi. Mo tún bù ú. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn mi, ẹran ń já bọ́ sínú korobá. Mo fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta.

Bàbá Halvor tẹ̀ síwájú, ó wo abẹ́rẹ́ náà.

"Ó pé," ó ní, pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi sọ ti Orrin.

Mi ò lè gbé orí sókè.