Ọyẹ́ Tí Ìdíátù Ń Lọ Wá

Ó ti rẹ Ìdíátù. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn ń gbé sùn, tí ilẹ̀ bá sì mọ́ á ti lọ. Àárẹ̀ tirẹ̀ ti di ayálégbé nínú ara rẹ̀, kò sì jọ pé ó ń múra àtikó.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe, níwájú ilé tó ń gbé ní Àgùdà, lábẹ́ páànù kan tí oòrùn ń yan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Oòrùn wà lókè, áyọ́ọ̀nù eléèédú wà lọ́wọ́, ìkòkò sítáàṣì ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Ó ní áyọ́ọ̀nù oníná náà o, àmọ́ Nẹ́pà ló mọ ìgbà tí èèyàn máa lò ó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iná ọ̀run ṣe rí, kó lọ bá Ìdíátù dúró lábẹ́ páànù yẹn ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí gbogbo ọkùnrin àdúgbò ń dúró de agbádá tí wọn yóò wọ̀ lọ kí Jímọ̀. Gbogbo ohun tó ń gbóná láyé ni obìnrin yìí ti bá ṣe pọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ti sú u.

Saidat, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ṣíkágò, ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà tó ti lọ, kò tíì wálé rí, àmọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí láìnì bá gbà, ó máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí tẹlifóònù Àǹtí Gertrude, tó ń gbé ní òkè ilé náà. Àǹtí Gertrude yìí ti gbé ìlú London rí. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Àgùdà, nítorí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, nígbà tí ọdún 1988 ń lọ sópin, Saidat pè. Ó ní òun ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan fún oṣù Kìíní, òun sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ìyá òun máa bọ̀, àwọn méjèèjì yóò jọ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ lórí òkun. Nígbà tó yá, físà tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, wọ́n fún Ìdíátù láìjanpata.

“Ọkọ̀ wo ló ń jẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́?” ni Ìdíátù bi Àǹtí Gertrude nígbà tó gbé tẹlifóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ tí Saidat pè yẹn.

“Ọkọ̀ ojú omi ni, ó ga bí ilé alájà. Ẹ máa jẹun nínú ẹ̀, ẹ máa sùn nínú ẹ̀, ẹ máa wo omi.”

“Níbo ló ń gbé èèyàn lọ?”

“Á máa yà kiri díẹ̀díẹ̀. Tó bá yá, á gbé yín padà síbi tó ti gbé yín.”

Ìdíátù wò ó títí. “Kí wá la bá lọ?”

“Fàájì ni, Ìyá Saidat! Fàájì lásán!”

Ọ̀rọ̀ fàájì kò yé Ìdíátù tó bẹ́ẹ̀, kò ráyè ṣe é rí. Ohun tó gbà á lọ́kàn ni oṣù Kìíní. Láti Àgùdà títí dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé nínú oṣù Kìíní, ìlú òyìnbó máa ń tutù débi pé omi á di òkúta. Ìlú òyìnbó kan ṣoṣo ló sì wà lójú wọn, ìyẹn òkè òkun. London ni o, Amẹ́ríkà ni o, orí omi ni o, òtútù kan náà ló ń mú gbogbo rẹ̀. Àǹtí Gertrude tó ti dé ọ̀hún alára kò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìdíátù. Ọyẹ́ tó mọ̀ ní kékeré kì í ṣe ọyẹ́ ẹ̀fẹ̀. Ọyẹ́ tó ń la ètè ni, tí ìyá àgbà á fi òrí ra gbogbo ara ọmọdé kí àwọ̀ rẹ̀ má baà fàya, tí wọn á dá iná sí àgbàlá ní kùtùkùtù, tí omi inú àmù á máa ta èèyàn léyín. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un wọ Èkó gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, kò fojú kan irú rẹ̀ mọ́. Ọyẹ́ Èkó á kàn yọjú, á da eruku sórí aṣọ tí èèyàn sá, á sì bá tirẹ̀ lọ bí àlejò tí wọn kò fún lóúnjẹ.

Òtútù gidi wá ń dúró dè é lórí òkun báyìí, fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, láìsí áyọ́ọ̀nù, láìsí èédú. Bó ṣe ń lọ aṣọ àwọn èèyàn, ó ń rí ara rẹ̀ níbi tó jókòó sí lójú afẹ́fẹ́, tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní kó ṣe nǹkan kan. Inú rẹ̀ dùn. Ó pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ̀rù tiẹ̀ fẹ́ máa bà á.

Ní àdúgbò yẹn, bí ẹnì kan bá ń lọ sí òkè òkun, gbogbo ilé ló máa ń kó aṣọ òtútù jọ fún un. Àǹtí Gertrude gbé kóòtù tó wọ̀ ní London sọ̀ kalẹ̀ láti inú àpótí, káńfọ̀ ń ta sánsán lára rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta òkírìkà ní Yábàá fi fìlà onírun àti ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́. Ìdíátù dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó lọ kóòtù náà dáadáa, ó ká a, ó sì gbé e padà fún ẹni tó ni ín.

“Ìyá Saidat, kí lẹ gbé kóòtù yìí wá fún mi ṣe? Inú báàgì yín ló yẹ kó wà.”

“Mi ò fẹ́ kóòtù, Àǹtí.”

“Há! Òtútù yẹn ò mọ ìyá, kò mọ ọmọ o. Ó máa pa yín!”

“Ẹ jẹ́ ó pa mí díẹ̀. Ooru ti ń pa mí látọjọ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò pariwo.”

Àǹtí Gertrude gbé kóòtù rẹ̀ dání, ó ń mi orí wọlé lọ.

Ìrìn-àjò ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Akínlabí wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Akínlabí yìí ti ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ òkun títí ó fi fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀ aṣọ funfun nìkan ló ń wọ̀ káàkiri Àgùdà, àfi bí ẹni tí ọkọ̀ máa tó fun fèrè pè. Ó bá Ìdíátù níbi tó ti ń lọ ṣòkòtò náà lọ́wọ́, ó sì fìdí lé bẹ́ǹṣì.

“Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń lọ sójú òkun. Apá ibo lẹ̀ ń lọ?”

“Saidat ní Bàhámà. Ó ní àwọn á dé Jàmáíkà náà.”

Akínlabí pàtẹ́wọ́. “Ẹ wá rí orí ire! Mo ti dáná lórí omi yẹn rí, oṣù Kìíní gan-an. Ibi tó dáa ni. Oòrùn wà níbẹ̀ bíi tilé! Kẹ́ ẹ tó jí, ó ti là. Lọ́sàn-án ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ kúrò ní Àgùdà.”

Áyọ́ọ̀nù dúró lọ́wọ́ Ìdíátù. “Nínú oṣù Kìíní?”

“Nínú oṣù Kìíní. Atẹ́gùn á máa fẹ́ nírọ̀lẹ́, ìborùn fẹ́lẹ́ kan ti tó yín. Òjò lè sáré rọ̀, kó sáré dá. Ẹ má bẹ̀rù ìjì, ìgbà ìjì ti kọjá. Bí omi bá ń mi ọkọ̀ díẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fún yín ní ata ilẹ̀ jẹ.”

“Òtútù wá ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?”

“Òtútù kẹ̀!” Ẹ̀rín pa Akínlabí. Ìròyìn ayọ̀ ló rò pé òun mú wá. “Torí àtisá fún òtútù làwọn òyìnbó ṣe ń wọ ọkọ̀ yẹn. Oòrùn ni wọ́n ń sanwó ẹ̀.”

“Wọ́n ń sanwó oòrùn,” ni Ìdíátù wí. Ó wo ojú ọ̀run tó funfun lókè páànù, ó wo òpópónà níbi tí ooru ti ń jó lójú títì. “Wọ́n ń sanwó oòrùn.”

Òórùn aṣọ tó ń jó ló ta á jí. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè kíá, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́, ojú áyọ́ọ̀nù ti hàn gedegbe lórí itan ṣòkòtò funfun náà. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, aṣọ oníbàárà kò jó mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Akínlabí fẹ́ pariwo, àmọ́ ó rí ojú obìnrin náà.

“Ẹ fi sílẹ̀,” ló ní. “Ṣòkòtò lásán ni.”

Ìdíátù jókòó sórí àpótí, ó sì bú sẹ́kún. Ó tì í lójú pé òun àgbàlagbà jókòó ní gbangba, òun ń sunkún nítorí òtútù, àmọ́ kò rí ẹkún náà gbé mì.

Nígbà tí ojú rẹ̀ gbẹ, ó ti pinnu. Kí Saidat fi òkun sílẹ̀ fún ẹja. Kó jẹ́ kí òun wá sí ilé rẹ̀ ní Ṣíkágò níbi tí yìnyín wà, kí òun jókòó ti fèrèsé, kí òtútù mú òun títí yóò fi tẹ́ òun lọ́rùn. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, òun ò lọ mọ́. Òun ò ní wọ bàálù fò kọjá òkun nítorí oòrùn tó wà lórí páànù òun lọ́fẹ̀ẹ́.

“Ẹ ò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fọ́mọ,” ni Àǹtí Gertrude wí nígbà tó gbọ́. “Ọmọ ti ṣe wàhálà. Ẹ kàn tẹ̀ lé e lọ.”

“Ó rẹ̀ mí, Àǹtí. Gbogbo ayé mi, ibi tí wọ́n bá ní kí n dúró sí ni mo ń dúró sí. Màá sọ ọ́.”

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, tẹlifóònù dún. Àǹtí Gertrude gbé e fún un, ó sì dúró ti ilẹ̀kùn, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ìdíátù ò wo apá ibẹ̀.

“Màámi, ẹ káàsán o. Báwo lojú ọjọ́ níbẹ̀?”

“Ooru ni. Kí ni ì bá tún jẹ́? Saidat, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ.”

“Ẹ dúró ná, Màámi. Ẹ sọ ti ooru yẹn fún mi. Báwo ló ṣe mú tó?”

Ìbéèrè náà ya Ìdíátù lẹ́nu. “Ó mú. Sìmẹ́ńtì iwájú ilé ń jó èèyàn látẹlẹ̀ ẹsẹ̀. Páànù ń dún pá, pá. Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo sá láàárọ̀, kí n tó sá èkejì rẹ̀ sórí okùn, àkọ́kọ́ ti gbẹ.” Ó tẹ tẹlifóònù mọ́ etí. “Saidat? Àbí láìnì ti já ni?”

“Mo wà ńbí, Màámi. Ẹ máa sọ ọ́ lọ.” Ohùn ọmọ náà ti yí padà.

“Ṣé ò ń sunkún ni?”

“Òtútù ló ń mú mi.” Ó sọ ọ́ bí ọmọdé. “Mo wọ súẹ́tà lé súẹ́tà nínú ilé, ó ṣì ń mú mi. Inú òkùnkùn ni mo ń bá jáde, inú òkùnkùn ni mo ń bá wọlé. Bí oòrùn bá tiẹ̀ yọ, kì í gbóná. Ọwọ́ mi ò fẹ́ẹ́ ká mọ́. Àwọn tí mò ń tọ́jú á máa ní kí n má fọwọ́ kan àwọn, ó ti tutù jù. Láti ọjọ́ tí mo ti débí ló ti ń mú mi, Màámi. Ó ti rẹ̀ mí.”

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Mò ń sọ, Màámi.”

Òótọ́ ni. Àìmọye ìgbà ni Saidat ti sọ ọ́ lórí tẹlifóònù yẹn pé òtútù pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, tí Ìdíátù á sì rẹ́rìn-ín, á ní, “Ìwọ lò ń jayé.” Ó rò pé ìgbádùn lọmọ ń ròyìn fún òun. Àánú ọmọ náà ṣe é, ó sì dùn ún pé ohun tó ń pọ́n ọmọ òun lójú ni òun jókòó tì tí òun ń jowú.

“Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fún mi,” ni Saidat ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, “kò tó mi láti wálé. Ni mo bá ní ká wá ibi tí oòrùn wà, ká jókòó sínú ẹ̀, èmi àtẹ̀yin. Mi ò fẹ́ ṣe nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ jókòó tì yín, kí n máa làágùn.” Ó fọn imú. “Ẹ ní ọ̀rọ̀ kan wà tẹ́ ẹ fẹ́ sọ.”

Ìdíátù ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti àárọ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀, kò sọnù. Ó gbé e mì.

“Ti oòrùn ibẹ̀ ni mo fẹ́ bi ọ́,” ló ní. “Ṣé ó ń mú dáadáa? Wọ́n ní atẹ́gùn máa ń fẹ́ níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, èmi ò sì fẹ́ oòrùn kékeré o.”

Saidat rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. “Ó ń mú, Màámi. Ó ń mú gan-an.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni Ìdíátù wí, ó sì fi etí ìró nu òógùn tó ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. “Torí ooru ni mo fẹ́.”