Ẹ̀jẹ̀ Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Le Koko

Ọdún kọkànlá rèé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń wádìí bí sẹ́ẹ̀lì inú ara ṣe ń gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i pé ṣúgà ti dé, kó ṣílẹ̀kùn. Sẹ́ẹ̀lì kan ò lè kọtí ikún kí Ọ̀jọ̀gbọ́n má mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó rẹ̀ bá ní, "Bàbá Ìbejì, omi tí ẹ ń mu yìí pọ̀ jù, ẹ sì ń tọ̀ ṣáá," òun gan-an a kọtí ikún. Ṣé ẹni tó ń ta aṣọ ló fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́ ara?

Níbi iṣẹ́, alátọ̀gbẹ ogún ló ń wá, mọ́kàndínlógún péré ló rí. Ó ń fi ẹ̀jẹ̀ wọn wé ti ẹnì kan tí ara rẹ̀ le koko. Oṣù mẹ́ta gbáko ni èsì méjèèjì fi jọra bí ìbejì rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n bú ẹ̀rọ, ó bú iná mànàmáná, ó bú àwọn tó ta kẹ́míkà fún un.

Nígbà tó sú obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹ̀rọ, ó béèrè pé, "Ẹ má bínú o, ọ̀gá. Ta ló ni ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ ní ara rẹ̀ le koko yìí?"

"Èmi ni!" Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ lu àyà. "Ta lara rẹ̀ tún le tó tèmi níbí?"

Ó da ife omi kẹrin sọ́fun, ó ní kí Ìyá Ẹ̀rọ dúró, kí òun sáré lọ tọ̀.

Kó tó dé, Ìyá Ẹ̀rọ ti ṣí ìwé àwọn alátọ̀gbẹ. Iwájú nọ́ńbà ogún ṣófo síbẹ̀. Ó kọ "Ọ̀gá" sí i.